Ohun tí Sátẹ́láìtì Lè Sọ Nípa Omi Abẹ́ Ilẹ̀, àti Ohun tí Okùn Gúgà Nìkan Lè Sọ ní Ilẹ̀ Òkun

Kò sí kámẹ́rà kankan lójú sánmà tí ó lè ya àwòrán omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo fi gbólóhùn yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Kàbà àti ní Ìsánlú ni ó gbà pé sátẹ́láìtì kan wà níbì kan tí ń wo inú ilẹ̀ kedere, tí ó sì lè tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí á gbẹ́ kànga sí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í gba inú àpáta kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà kò lè rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń tọpa àmì mẹ́ta tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò lè fi pamọ́: ìwúwo rẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń rì nígbà tí omi náà bá dínkù, àti ewé tútù tí ń hù níbi tí òjò kì í ti í rọ̀. Láti inú àwọn àmì wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ṣírò iye omi tí ènìyàn ti fà jáde lábẹ́ àwọn ilẹ̀ gbígbẹ ayé, ìṣírò náà sì ti fi ohun tí ó bani lẹ́rù hàn ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí nítorí iṣẹ́ jọ́gíráfì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì tún kàn mí nítorí ohun tí ojú wa ń rí ní ilé. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, ni omi kànga ń fà sẹ́yìn, tí àwọn mẹ́ruwà ń bu owó lé omi, tí àwọn ọmọ ń ru kẹ́ẹ̀gì kiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá lówó a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ a sì gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì, láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi ti jìn tó ní ọdún tí ó kọjá. Nígbà tí mo bá ń ka ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi láti ojú sánmà, nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá: bí ìmọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, àti iṣẹ́ tí ó kù fún ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀.

Èyí tí ó jọ mí lójú jùlọ ni ti ìwúwo. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2002, wọ́n fi sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n pe àpapọ̀ wọn ní GRACE ránṣẹ́ sí ojú sánmà láti ibùdó Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àjọ ojú sánmà NASA ti Amẹ́ríkà àti àjọ ojú sánmà DLR ti Jámánì ni ó jọ ṣe é. (Láti Plesetsk kan náà ni NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, ti gbéra ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2003, ohun tí mo máa ń rí i dájú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀.) Àwọn méjèèjì ń yí ayé po ní nǹkan bí kìlómítà 500 sókè, ọ̀kan ṣáájú, èkejì tẹ̀lé e ní nǹkan bí kìlómítà 220 sẹ́yìn. Wọn kò gbé kámẹ́rà tí ń wo ilẹ̀ dání rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n máa wọn àlàfo tí ó wà láàárín ara wọn, nígbà gbogbo, pẹ̀lú ìtànṣán tí ọ̀kan ń ta sí èkejì.

Ìdí tí àlàfo náà fi ṣe pàtàkì ni pé ohunkóhun tí ó bá wúwo ni ó ń fa ohun mìíràn mọ́ra. Òkè ń fà, àpáta ń fà, omi náà ń fà. Bí sátẹ́láìtì tí ó ṣáájú bá ń sún mọ́ ibi tí ìwúwo pọ̀ sí, ibẹ̀ yóò fà á síwájú díẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín òun àti ìkejì rẹ̀ yóò sì gùn sí i. Nígbà tí ó bá kọjá tí èyí ẹ̀yìn bá ń dé bọ̀, ibi kan náà yóò fa ti ẹ̀yìn síwájú, yóò sì máa fa ti iwájú padà, àlàfo yóò tún kúrú. Ìyípadà tí wọ́n ń wọ̀n yìí kéré ju ìbú fọ́nrán irun orí kan lọ. Láti inú bí àlàfo ṣe ń gùn tí ó ń kúrú lórí gbogbo ayé, wọ́n ń ya máàpù òòfà ilẹ̀ ayé tuntun ní oṣooṣù. Òkè kì í sì í ṣí nípò láti oṣù kan sí òmíràn, àpáta kì í sanra kí ó tún rù láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Tí wọ́n bá ti yọ ti afẹ́fẹ́ àti ti ìgbì òkun kúrò, ohun tí ó ń yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju omi lọ.

Omi náà, síbẹ̀, jẹ́ àkópọ̀: yìnyín orí òkè, omi odò àti adágún, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ tí gbòǹgbò ń mu, àti omi tí ó jìn sí ìsàlẹ̀. Sátẹ́láìtì kò lè pín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ti abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ mìíràn ṣírò àwọn yòókù, kí ó yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gba ohun tí ó ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí omi abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí ó bá wà nínú ìṣírò ọ̀rinrin tàbí ti adágún ni yóò sì wọ inú ìdáhùn ìgbẹ̀yìn. Mo gbà pé èyí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: báwo ni wọ́n ṣe yọ àwọn yòókù, kí ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí?

Ìwádìí tí ó sọ GRACE di olókìkí ni ti àríwá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, tí Matthew Rodell, Isabella Velicogna àti James Famiglietti tẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n wo Rajasthan, Punjab àti Haryana, àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà láti inú aṣálẹ̀ títí dé inú oko àlìkámà àti ìrẹsì, láti oṣù Ògún ọdún 2002 sí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2008. Wọ́n rí i pé omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó lọ láàárín àkókò náà tó kìlómítà kúbíìkì 109. Kìlómítà kúbíìkì kan ṣoṣo jẹ́ bílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kà á ní lítà yóò sọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù. Ohun tí ó mú mi dúró nínú ìwádìí náà ju iye yìí lọ: òjò kò ṣàìrọ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Òjò rọ̀ bí ó ṣe máa ń rọ̀. Ẹ̀rọ ìfami àwọn àgbẹ̀ ni ó gbé omi náà jáde, lórí iná mànàmáná tí ìjọba ń fún wọn ní ọ̀fẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, láti fi bomi rin ìrẹsì ní ibi tí ìrẹsì kì bá tí hù fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2009 kan náà ni ìjọba Punjab ṣe òfin pé àgbẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lọ́ ìrẹsì sínú oko kí ó tó di ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù, kí ìrẹsì má baà máa mu omi kànga ní àkókò tí ooru mú jùlọ tí òjò kò sì tíì sún mọ́. Òfin tí ó dá lórí ọjọ́ tí a ó lọ́ irúgbìn lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ó jìnnà sí oko, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ilẹ̀ Òkun tí ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré lè yí àyànmọ́ àgbàdo padà yóò mọ̀ pé kò kéré.

Nǹkan kan náà ni wọ́n rí ní agbègbè odò Tigris àti Euphrates, láti Túrkì dé Síríà, Ìráàkì àti ìwọ̀ oòrùn Ìráànì. Láàárín ọdún 2003 sí 2009, omi tí agbègbè náà pàdánù tó kìlómítà kúbíìkì 144, nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọ̀dá dé ní ọdún 2007 tí odò fà, àwọn ènìyàn yíjú sí kànga. Ní ọdún 2015, ìwádìí mìíràn tí ó kó àkójọ omi abẹ́ ilẹ̀ 37 tí ó tóbi jùlọ lágbàáyé jọ fi hàn pé nínú 21 ni ohun tí ń jáde ti ń ju ohun tí ń wọlé lọ. Ohun tí ó mú kí èyí wúlò ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í fi ìwé àkọsílẹ̀ kànga wọn han ẹnikẹ́ni, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní in. Sátẹ́láìtì kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnubodè. Odò tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn lé lórí, a lè wọn ìwúwo omi rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n GRACE ní àbùkù kan tí ó kan àwa gan-an. Nítorí pé ó ń wọn òòfà láti ibi tí ó ga tó kìlómítà 500, kò lè ya ibi kékeré sọ́tọ̀. Agbègbè tí ó bá tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ kìlómítà níbùú lóròó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìdáhùn rẹ̀ dá mọ́ lójú. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé odò Ọya àti títí dé òdìkejì, kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ìpínlẹ̀ wa márùn-ún ni a óò tò pọ̀ kí GRACE tó lè rí ohun kan sọ pẹ̀lú ìdánilójú, kànga Ìyàrá yóò sì ti dàpọ̀ mọ́ odò Benue àti adágún Kainji nínú ìṣírò ẹyọ kan. Ohun mìíràn ni pé ìyípadà nìkan ni ó ń sọ. Ó lè sọ pé omi ti dínkù ní ìwọ̀n báyìí láti oṣù kan sí òmíràn. Kò lè sọ iye tí ó kù nínú ilẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ náà parí iṣẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2017, àwọn arọ́pò wọn, GRACE-FO, kò sì gbéra títí di ọjọ́ 22 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2018, nítorí náà àlàfo oṣù mélòó kan wà nínú àkọsílẹ̀ tí kò sí bí a ṣe lè dí i pátápátá.

Ọ̀nà kejì rí ibi kékeré dáadáa. Ẹ̀rọ rédà ni, èyí tí ń ta ìtànṣán tirẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó sì ń gba àbọ̀ rẹ̀, tí kò fi nílò oòrùn, tí kùrukùru kò sì lè dí i lójú. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní oṣù Igbe ọdún 2014, ń padà sí ojú kan náà ní ọjọ́ méjìlá méjìlá, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì sì lè gba àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá fi àbọ̀ ìtànṣán ti òní wé ti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, tí ilẹ̀ bá ti rì ní mìlímítà díẹ̀, ìgbì ìtànṣán náà kò ní bára mu mọ́, ìwọ̀n àìbáramu náà ni ó sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rì tó.

Kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń rì? Níbi tí abẹ́ ilẹ̀ bá jẹ́ ìpele iyanrìn àti amọ̀ tí ó nípọn, omi tí ó wà láàárín àwọn hóró náà wà lára ohun tí ń gbé ìwúwo òkè ró. Tí wọ́n bá fa omi náà jáde, amọ̀ yóò pọ̀ mọ́ra, bí gààrí inú àpò tí a gbọ̀n tí ó sì lọ sílẹ̀. Amọ̀ tí ó bá ti pọ̀ mọ́ra tán kò ní tú mọ́, bí òjò ogún ọdún tilẹ̀ rọ̀ lé e lórí. Àyè tí omi ń gbé tẹ́lẹ̀ ti lọ títí láé. Ní ìwọ̀ oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tehran, olú ìlú Ìráànì, rédà fi hàn pé ilẹ̀ ń rì tó sẹ̀ǹtímítà 25 lọ́dún ní àwọn ibì kan. Ní àfonífojì àárín California, kí sátẹ́láìtì tó dé ibi iṣẹ́ yìí rárá, ilẹ̀ tí ó wà nítòsí ìlú Mendota ti rì ju mítà 8 lọ láàárín ọdún 1925 àti 1977, àwòrán òpó tí wọ́n kọ àwọn ọdún náà sí lára, tí ọdún 1925 wà lókè réré, ṣì ń yí ọwọ́ kiri láàárín àwọn onímọ̀ omi. Ọdún 2014 ni California tó ṣe òfin tí ó pọn dandan fún àwọn agbègbè láti máa ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀nà kẹta kò le láti yé ẹnikẹ́ni. Àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ láti ọdún 1972, àkójọ náà sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní ọdún 2008. Ẹ wo àwòrán Wadi As-Sirhan ní àríwá Saudi Arabia láti ìparí àwọn ọdún 1980 wá: iyanrìn pupa ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ òbìrí tútù yọ̀yọ̀, òbìrí kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà kan ní ìbú, níbi tí apá irin gígùn ti ń yí po tí ó ń wọ́n omi sórí àlìkámà. Òjò kò rọ̀ sí ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi tí ó wọ inú àpáta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì tutù, ni wọ́n ń fà sókè, kò sì sí òjò òde òní tí yóò dá a padà. Ní ọdún 2008 ìjọba wọn pinnu láti máa dín àlìkámà tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ abẹ́lé kù títí yóò fi dópin ní ọdún 2016. Landsat tún ń wọn ooru ojú ilẹ̀: ewé tí ó ń rí omi mu máa ń tutù ju ewé tí òǹgbẹ ń gbẹ lọ, nítorí náà a lè ti ara ooru oko ṣírò iye omi tí ó ń gba ojú ewé lọ sínú afẹ́fẹ́, kí á sì mọ ìwọ̀n tí kànga ti pèsè.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ ni omi abẹ́ rẹ̀ ń tán lọ, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòsí wa, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nìjẹ̀r, ní àyíká Niamey. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 tí ọ̀dá ńlá jà ní Sahel, omi inú kànga ibẹ̀ ń gòkè bọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ó gòkè ní mítà mélòó kan. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti gé igbó kúrò láti fi dá oko jéró. Ojú ilẹ̀ le, omi òjò kò rí ibi wọ̀ níbi tí ó rọ̀ sí, ó ń ṣàn wọ àwọn adágún kéékèèké, láti ìsàlẹ̀ adágún wọ̀nyẹn ni ó sì ti ń jò lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwòrán láti òkè fi igbó tí ó ń pòórá àti adágún tí ó ń pọ̀ sí i hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí omi fún ayé ni àwọn tí wọ́n ti ń sọ okùn sínú kànga láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láìsí ìwé wọn, gbogbo ènìyàn ì bá ti máa sọ pé ọ̀dá ti gbẹ kànga Niamey. Mi ò rò pé àpẹẹrẹ kankan wà tí ó kọ́ni ju èyí lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á wálé. Ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wẹ̀ àti Bùnú kì í ṣe aṣálẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ lọ́dún ń ju mìlímítà 1,000 lọ. Ohun tí ó mú omi nira fún wa ni irú àpáta tí a jókòó lé. Ẹni tí ó bá rìn láti Kàbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ ti rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀: àwọn òkè àpáta tí wọ́n yọ gọ́ńgọ́ láàárín igbó, jẹ́ orí àpáta ńlá kan tí ó tẹ́ sí abẹ́ gbogbo wa. Àpáta náà kò ní àyè fún omi láàárín hóró rẹ̀ bí iyanrìn ṣe ní in. Ibi méjì ni omi lè gbé: nínú ilẹ̀ rírà, ìyẹn àpáta tí ó ti jẹrà di ilẹ̀, tí ó bo àpáta lórí, èyí tí ó nípọn ní ibì kan tí ó sì fẹ́lẹ́ ní ibòmíràn, àti nínú ìlàpa àti ìsán, ìyẹn ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti là. Kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ń mu nínú ti àkọ́kọ́, kànga ẹ̀rọ ń wá ti èkejì. Èyí ni ìdí tí ilé kan fi lè rí omi lọ́pọ̀lọpọ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ yóò sì gbẹ́ ihò gbígbẹ, tí owó ńlá yóò sì ti wọlẹ̀. Ní apá Lọ́kọ́jà, níbi tí àpáta iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ GRACE tó, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ pé kí ó máa retí ìròyìn rẹ̀. Omi wa wà nínú àpò kéékèèké, àpò kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Rédà pàápàá kò ní rí nǹkan púpọ̀, nítorí pé àpáta líle kì í rì bí amọ̀. Àwòrán ojú ilẹ̀ ni ó wúlò fún wa jùlọ: láti ojú sánmà, ìlàpa ńláńlá inú àpáta máa ń hàn bí ìlà gbọọrọ, níbi tí odò ti lọ tààrà tàbí tí igi ti tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ kànga sì lè fi ìlà wọ̀nyẹn mọ ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná dán ilẹ̀ wò lọ. A lè rí bí adágún ìsédò Kampe ní Èjìbà ṣe ń fẹ̀ tí ó ń súnkì láti ọdún dé ọdún. A lè rí igbó tí a gé kúrò lórí òkè. Ṣùgbọ́n bóyá omi kànga Mọ̀pà ti ọdún yìí jìn ju ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ, kò sí ohun kan lójú sánmà tí yóò sọ ọ́.

Ìyá kan ní Mọ̀pà, tí kànga rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àdúgbò, bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an. “Tíṣà,” ó ní, “ṣé àwọn òyìnbó tí ń wo ilẹ̀ láti òkè kò lè bá wa wò ó bóyá kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ sí ọ̀ọ́kán ni ó ń fa omi tèmi?” Mo ní, “Rárá o, Ìyá mi. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè wò ó.” Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n rántí bí okùn gúgà ṣe gùn tó nígbà tí bàbá gbẹ́ kànga náà. Wọ́n rántí dáadáa. Wọ́n ní àsopọ̀ méjì ni okùn náà ti gbà láti ìgbà náà, wọ́n sì fi ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n so ó hàn mí. Ẹ̀rí ni okùn yẹn. Ohun tí ó kù ni pé kò sí ọjọ́ lára rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí mo sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan kànga díẹ̀ kí wọ́n sì máa wọ̀n wọ́n. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ so irin wúwo kan mọ́ téèpù gígùn tí àwọn bíríkìlà ń lò, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ojú kan ní etí kànga kí ó lè jẹ́ pé láti ojú kan náà ni ẹ ó ti máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ṣe é ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó sọ gúgà sí i, nítorí pé kànga tí wọ́n ti ń fà láti àárọ̀ kò ní sọ òtítọ́. Ìgbà méjì tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ìparí òjò, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, àti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Èyí tí ó bá lè jẹ́ oṣooṣù sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àdúgbò, bí omi ṣe jìn tó, àti bóyá kànga ẹ̀rọ kan ti dé sí tòsí láti ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn.

Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò so wa pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ojú sánmà, kì í ṣe òdìkejì. Bí omi kànga bá lọ sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta, èyí kò túmọ̀ sí pé omi tí ó ga tó mítà mẹ́ta ni ó lọ, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rírà náà jẹ́ ilẹ̀, àyè tí ó lè tú omi sílẹ̀ nínú rẹ̀ kéré. Bí a bá fi í sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, mítà mẹ́ta nínú kànga yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà omi péré. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà yẹn ni sátẹ́láìtì ń sọ, mítà mẹ́ta ni ó kan ẹni tí ó mú okùn dání. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì ni ó lè ṣírò iye àyè tí ilẹ̀ rẹ̀ ní fún omi. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì bá fẹ́ mọ bóyá ìṣírò wọn lórí àárín gbùngbùn Nàìjíríà tọ̀nà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa wá.

Fún àwa tí a wà nílé, ó máa ń wúlò ṣáájú èyí. Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, tí ìwé náà sì fi hàn pé kànga tí ó wà nítòsí ibi tí kànga ẹ̀rọ pọ̀ sí ń lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí òjò sì ń fi wọ́n sílẹ̀ láìkún dé ibi tí wọ́n ń kún dé tẹ́lẹ̀, ìpàdé ìlú yóò ní ohun tí ó lè gbé sórí tábìlì kí ó tó pinnu bí kànga ẹ̀rọ kan yóò ṣe jìnnà sí òmíràn tó. Ó yẹ kí á tún máa gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbẹ́ kànga: ibi tí wọ́n ti kan àpáta, ibi tí omi ti yọ, àti èyí tí kò rí omi rárá, nítorí pé ihò gbígbẹ náà ní ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí yóò gbẹ́ tirẹ̀ lọ́la. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kí èkejì wà ní ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n ọ́n ti lè fi lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ ní ọdọọdún.